Ẹni Tí Kò Lè San Án Padà



Nínú Ìyìn Rere tí a gbọ́ ní Mísà òní (Lúùkù, orí 14), Olúwa wa jókòó nídìí oúnjẹ ní ilé olórí kan nínú àwọn Farisí. Ó rí bí àwọn àlejò ti ń du ipò ọlá, Ó sì bá wọn wí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù ni a ti gbọ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n Olúwa kò dúró níbẹ̀. Ó yíjú sí onílé tí ó pè É wá jẹun, Ó sì sọ fún un pé nígbà mìíràn tí ó bá se àsè, kí ó má ṣe pe ọ̀rẹ́ àti ẹbí àti aládùúgbò tí ó lówó lọ́wọ́, nítorí pé àwọn wọ̀nyí yóò pè é padà. Tálákà, arọ, amúkùn-ún àti afọ́jú ni kí ó pè, àwọn tí kò ní ohun tí wọn yóò fi san án fún un.

Ìwọ tí ó ń ka ìwé yìí, bí a bá pè ọ́ sí ìnáwó lọ́la, ǹjẹ́ o kò ní bá ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà, tí ó jókòó ti tábìlì, tí ó mú ìwé àti bírò dání? Bí o bá fi owó sílẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ, yóò sì kọ iye rẹ̀ síwájú orúkọ náà. Ìwé yẹn kì í sọnù. Lọ́jọ́ tí ìnáwó bá kan ilé tìrẹ, onílé yóò ṣí i wò, kí ó lè mọ iye tí òun yóò mú wá. A kò sọ pé ó burú, ìmoore ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà ni Olúwa wa fi ọwọ́ kàn lónìí.

Àwọn baba ńlá wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe anìkànjọpọ́n. Kí báǹkì tó dé Òmù-Àrán, wọ́n ti ní àáró, wọ́n ti ní ọ̀wẹ̀, wọ́n ti ní èésú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ kan yóò kọ ebè lóko Òjó lónìí, lóko Àjàyí lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó fẹ́ bo ilé yóò bẹ ọ̀wẹ̀, yóò gún iyán fún àwọn tí ó wá, kí ilẹ̀ tó ṣú, òrùlé ti dúró. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tí kò sí nínú àáró náà. Opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì lè gbé ọkọ́, ta ni yóò gbà á sí àáró? Bàbá tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ìgbà wo ni yóò jẹ́ ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn kí a tó jẹ́ tirẹ̀? Alágbàṣe tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò ní ẹbí kankan láàrin wa, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìnáwó ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó kórìíra wọn. Ìṣirò ni ó yọ wọ́n sílẹ̀.

Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù pàápàá kọsẹ̀ níhìn-ín. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 6, sọ pé àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn, nítorí pé a ń fojú fo àwọn opó wọn dá nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́sítélì kò sọ pé ọ̀ràn oúnjẹ kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀mí. Wọn kò sọ pé ẹni tí ó kùn ń da ìjọ rú. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tí ó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n, kí wọ́n máa bójú tó o. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà: Sítéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánò, Tímónì, Páménà, àti Níkóláù ará Áńtíókù, ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn kèfèrí wọ inú ẹ̀sìn àwọn Júù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó fara hàn pé àárín àwọn tí a ń fojú fò ni a ti mú àwọn tí yóò di ìgbakọ mú. Àwọn Àpọ́sítélì sì gbàdúrà, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Nítorí náà, iṣẹ́ mímọ́ ni pínpín oúnjẹ fún opó jẹ́ nínú Ìjọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá.

Ọ̀nà yìí ni àwọn ènìyàn Ọlọ́run ń tọ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1833, ní ìlú Páríìsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, Frédéric Ozanam, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ẹ̀gàn àwọn tí ń bi wọ́n pé kí ni Ìjọ wọn ń ṣe fún tálákà ní àkókò náà. Wọn kò fi ẹnu nìkan dáhùn. Wọ́n tọ Sístà Rosalie Rendu lọ, ẹni tí ó mọ gbogbo ilé àwọn aláìní ní àdúgbò rẹ̀, ó sì kọ́ wọn bí a ti ń wọ ilé tálákà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Sẹ́ńtì Fínsẹ́ǹtì dé Pọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1997 ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì ka Ozanam mọ́ àwọn Ẹni Ìbùkún.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, Fáda Jean-Marie Coquard, ọ̀kan nínú àwọn Fáda SMA, dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895. Òun ni a ń pè ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn Fáda yìí kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù William Mahony ti wá, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Dáyọ́sísì Ìlọrin wa ní ọdún 1969. Ìgbàgbọ́ tí a jogún, ti òun ti ìtọ́jú aláìsàn ni ó jọ wọ ilẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Àánú kò lè rọ́pò ẹ̀tọ́. Ohun tí o jẹ ẹnìkan ní gbèsè, o kò lè fi í ṣe ìtọrẹ fún un. Ní ọdún 1891, Póòpù Léò Kẹtàlá kọ ìwé tí a ń pè ní Rerum Novarum. Ó kọ́ wa nínú rẹ̀ pé owó iṣẹ́ tí ó tó láti gbé òṣìṣẹ́ ró jẹ́ ẹ̀tọ́ tí kò sí àdéhùn tí ó lè fagi lé e. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni Òfin Mósè ti pàṣẹ pé kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Jákọ́bù Mímọ́ sì kìlọ̀ pé owó iṣẹ́ tí a fi dù wọ́n ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́ igbe náà.

Àkókò iṣu tuntun nìyí. Ta ni ó kọ ebè tí iṣu náà ti jáde? Ǹjẹ́ ó ti gba owó rẹ̀ pé? Àbí o ti ń sọ fún un láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí ó padà wá lọ́jọ́ ọjà? Bí o bá gbé iṣu mẹ́ta wá síwájú pẹpẹ lónìí, tí owó ẹni tí ó kọ ebè rẹ̀ sì wà lápò rẹ, iṣu ta ni o gbé wá fún Ọlọ́run? Bákan náà ni ẹ̀yin tí ẹ pín oko arákùnrin yín lẹ́yìn ìsìnkú, tí ẹ kò fi ebè kan sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀: ìrẹsì tí ẹ gbé fún un ní Kérésìmesì kò lè pa gbèsè náà rẹ́.

Ẹ wo Ẹ̀sìẹ́ tí ó wà nítòsí wa. Láti ọdún 1933 ni òkìkí àwọn ère òkúta ibẹ̀ ti kàn, nígbà tí ó sì di ọdún 1945, a ṣí ilé fún wọn, èyí tí ó jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ọnà àwọn ará ìgbàanì ni wọ́n. Ó tọ́ kí a dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwòrán kan wà tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara Rẹ̀ mọ, tí ó ń gbé ládùúgbò rẹ, tí ó ń gbé abọ́ sí abẹ́ páànù tí ó ń jò ní òru. Bí ère tí kò mọ òtútù bá rí òrùlé, kí ni a ó sọ fún Ọlọ́run nípa ìyá yìí?

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí a tó tún pàdé ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù san owó iṣẹ́ tí ó jẹ. Èyí ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti àwọn bàbá, ti àwọn ìyá, ti àwọn ọ̀dọ́ àti Lẹ́gíọ̀nù Màríà, bẹ ọ̀wẹ̀ kan fún ẹnìkan tí kò lè jẹ́ ọ̀wẹ̀ padà: òrùlé kan, oko kan, tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan, nítorí pé oṣù Kẹsàn-án ti dé tán. Ẹ má ṣe bèèrè bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ará ìjọ mìíràn. Ilé kan náà ni a ti jáde. Kí ẹ sì mú ọ̀kan nínú àwọn opó jókòó láàrin yín nígbà tí ẹ bá ń pín nǹkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn Àpọ́sítélì ti ṣe. Ẹ má ṣe pè é síwájú ìjọ kí a wá máa ya àwòrán rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣoore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Bóyá ọkàn rẹ ń sọ pé: Ta ni yóò san èyí padà fún mi? Ìwé Òwe, orí 19, dá ọ lóhùn pé ẹni tí ó ṣàánú fún tálákà, Olúwa ni ó yá ní ohun ìní rẹ̀. Olúwa wa sì ṣèlérí nínú Ìyìn Rere òní pé a ó san án fún un ní àjíǹde àwọn olódodo. Nítorí náà, bí o bá ṣe oore fún ẹni tí kò lè san án padà, má ṣe wá orúkọ rẹ̀ kiri nínú ìwé ìnáwó rẹ. Ẹlòmíràn ti gba gbèsè náà rù, kò sì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni rí kí ó má san án.

Kí Màríà Wúńdíá, ẹni tí ó bí Ọmọ rẹ̀ sí ibùjẹ ẹran nítorí pé kò sí àyè fún wọn nínú ilé èrò, bẹ̀bẹ̀ fún wa, kí a lè fi àyè sílẹ̀ fún aláìní nílé wa. Àmín.