Àlàfo Kan Nínú Fọ́ọ̀mù

Bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ tún iṣẹ́ ọba ṣe báyìí, àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í gba rìbá, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ṣoṣo wò: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Mọ́níyà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ibẹ̀ ni ọmọ oko agbègbè yẹn ti ń wá a. Láìsí i, iṣẹ́ ọba lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ká ní wọ́n wá ní ká gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó ṣe àlàfo kan: "Ìlú bàbá". Ẹni tí kò bá dí i kò lè tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ni, àmọ́ a ti ṣòfin nìyẹn o!

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 318, sọ pé bí ọ̀kan nínú òbí èèyàn, tàbí èyíkéyìí nínú òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibì kan ní ìpínlẹ̀, onítọ̀hún jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Ìyá wà níbẹ̀. Ìyá ìyá náà wà níbẹ̀. Àlàfo wa ti yọ wọ́n kúrò, ẹnikẹ́ni ò dìbò sí i.

Akọ̀wé orí tábìlì lè wo ọmọ náà lójú kó ní, "Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọ́ nìyí?" kó sì ṣe é fún un. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 ṣáà fẹ́ kí ìjọba sún mọ́ ará oko ni. Àmọ́ akọ̀wé yẹn kan náà lè ní kó mú nǹkan wá kí òun tó dá a mọ̀. (Ẹ̀yin náà mọ "nǹkan" yẹn.)

Ti ẹni tí bàbá àti ìyá àgbà rẹ̀ wá dáko láti ibòmíràn tún yàtọ̀. Wọ́n bí i síbẹ̀, wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ ò sì kà á kún. Kóòdù ò lè tún ìyẹn ṣe; ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ni ín.

Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa ni pé ká fi àyè ìyá àti ti òbí àgbà síbẹ̀, kí ẹ̀rọ má sì dá kọ ẹnikẹ́ni. Bí wọn ò bá ní fún ọmọ kan ní ìwé, kí òṣìṣẹ́ kan kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí ọmọ náà lè mọ ẹni tí òun máa bá ṣẹjọ́. Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ wá lè ní ìyẹn á fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Á fà á lóòótọ́, ká yáa kà á mọ́ owó iṣẹ́.