Ẹni Tí A Fi Ọmọ Ọwọ́ Lé Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé, ẹni tí ó bá ti fẹ́ràn ọmọ ti yẹ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé. Àwa kò lè gba èyí tán. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìwé-ẹ̀rí NCE, tí a ń fi ọdún 3 kọ́, ni ìjọba fi lélẹ̀ bí èyí tí ó kéré jù fún olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ kékeré sì jẹ́ ẹ̀ka kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, "àǹtí" lásán ni a ń pe ẹni tí ń gbé ìkókó: a kì í bi í ní ìwé-ẹ̀rí, a kì í sì í san owó olùkọ́ fún un.

Ní ilẹ̀ England, òfin kò gbà kí àgbà 1 máa tọ́jú ju ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2 lọ. Bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun, ọwọ́ tí a ti kọ́ ní í yọ ọ́, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ìfẹ́ tí a ń yìn yìí kan náà ni a sì fi ń bu owó iṣẹ́ wọn kù! Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ń ṣọ́ àpótí owó wa gba owó ju ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ wa lọ? Bí àǹtí náà bá gba NCE tán, tí ó sì kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìkókó lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, ta ni yóò bá a wí?