Òṣùwọ̀n Inú Eré

Àwọn baba wa kì í fi ojú kékeré wo eré. Eré ni ayò, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá rọra ju ọmọ ayò kan kún ilé tirẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ yíjú, kò sí ẹni tí yóò wí fún un pé, "Má ṣèyọnu, eré ṣá ni." Arẹ́nijẹ ni wọn yóò pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lórí eré kan tí ó gba ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lóde òní, èyíinì ni eré orí kọ̀ǹpútà tí òṣèré ti í wa ọkọ̀ òfuurufú ajagun. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí òṣèré yí agbára ọkọ̀ rẹ̀ padà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ti rí. Ọkọ̀ inú eré kò ní irin, kò sì ní epo. Òǹkà ni gbogbo rẹ̀. Òǹkà kan wà fún ìwúwo rẹ̀, òmíràn fún fífẹ̀ apá rẹ̀, òmíràn fún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni í ṣe ìṣirò, tí í sọ bí ọkọ̀ yóò ti sáré tó àti bí yóò ti yára gòkè tó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Microsoft gbé Combat Flight Simulator jáde ní 1998, inú fáìlì tí òṣèré lè ṣí ni púpọ̀ nínú òǹkà wọ̀nyí wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lágbára sí i, kí ó sáà pa òǹkà kan rẹ́, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe IL-2 Sturmovik, tí ó jáde ní 2001, ti fáìlì tiwọn pa, kí ọkọ̀ kan náà lè rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń bá ara wọn figagbága. Nígbà tí ó yá, àwọn kan já àgádágodo náà, aáwọ̀ ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣèré.

Àwọn kan wí pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kú. Àwọn mìíràn wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni nígbàkígbà. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni kò rí ọ̀rọ̀ náà tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ lóhùn. Ènìyàn ni ó yan òǹkà àkọ́kọ́, ènìyàn sì lè ṣì í yàn. Bí ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ bá fi hàn pé ọkọ̀ kan yára ju bí ó ti rí nínú eré lọ, ẹni tí ó tún un ṣe kò purọ́. Irọ́ ni ó mú kúrò. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ó ja ogun gan-an kò yéé tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ní 1940, bí ọkọ̀ Spitfire ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá dorí kodò lójijì, epo kì í dé inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ́ńjìnnì a sì kọṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Messerschmitt 109 ti àwọn Jámánì kò ní àrùn yìí, nítorí pé ṣe ni a ń fi agbára fín epo sínú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ní 1941, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Beatrice Shilling, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough, ṣe irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó ní ihò láàárín, wọ́n sì fi í sí ojú ọ̀nà epo. Irin náà dín àrùn kù, bí kò tilẹ̀ wò ó tán. Ta ni yóò pe Shilling ní arẹ́nijẹ?

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín Shilling àti ẹni tí ó kàn pa òǹkà rẹ́. Nínú ayé gidi, kò sí èrè tí kò ní ohun tí a fi rà á. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní 1942, ọkọ̀ Zero ti àwọn ará Jàpáànù mọ̀ ọ́n yí po ju àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń bá jà lọ, nítorí pé ó fúyẹ́. Ohun tí ó sì mú un fúyẹ́ ni pé wọn kò fi irin dáàbò bo awakọ̀, wọn kò sì fi ohun tí í dí ihò ọta bo àgbá epo rẹ̀. Ọta díẹ̀ tó láti sọ ọ́ di iná. Ẹni tí ó bá fi irin kún Zero inú eré, tí ó sì fi ìwúwo irin náà kún ìwúwo ọkọ̀, ìbéèrè ọlọgbọ́n ni ó béèrè: "Bí wọ́n bá ti ṣe báyìí ńkọ́?" Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi irin kún un tí kò fi ìwúwo kún un, ọjà àwìn tí kò ní í san ni ó rà. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sí láyé rí, kò sì lè sí.

Mo gbà pé ẹni tí ó ń dá nìkan ṣeré lè ṣe é bí ó ti wù ú. Ọmọdé tí ó fẹ́ fò kọjá àwọsánmà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí ẹni méjì bá sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò yí òǹkà padà, òfin tuntun ni wọ́n ṣe. Ibi tí ọ̀ràn wà ni ìkọ̀kọ̀. Àwa tí a ń ná ọjà ní Ìkirè àti Àpòmù mọ kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Ojú rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ó lù ú kò jí gàrí nìkan. Òṣùwọ̀n ni ó jí, òṣùwọ̀n sì ni gbogbo ọjà gbára lé. Ẹ kíyè sí ohun kan pẹ̀lú: lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn ni àwọn alátùn-únṣe sábà máa ń rí àṣìṣe. N kò tíì gbọ́ ẹni tí ń kérora pé ọkọ̀ tí òun fẹ́ràn yára jù. Nígbà tí gbogbo àtúnṣe bá ń tẹ̀ sí apá kan, òtítọ́ kọ́ ni a ń wá mọ́.

Gbèsè kan ṣì kù tí àdéhùn àwọn òṣèré kò lè pa rẹ́: gbèsè àwọn òkú. Eré tí ó bá ní ogun tí ó ṣẹlẹ̀ ni òun ń fi hàn kì í ṣe ti àwọn òṣèré nìkan. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó dé ipò náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ni ó pa á ní 1945. Ọkọ̀ ayé ìgbà náà ní àléébù, àwọn tí ń wà wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gòkè. Bí a bá yọ àléébù ọkọ̀ kúrò nínú ìtàn, a ti yọ ìgboyà ẹni tí ó wà á kúrò pẹ̀lú.

Ẹ wo ogun Òwu, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ọjà Àpòmù, níbi tí wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1921, pé àgédéngbé ni àwọn ará Òwu gbójú lé, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú ní ìbọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá fi ogun yìí ṣe eré lọ́la, tí ó fi ìbọn lé Òwu lọ́wọ́, tí ó sì kéde rẹ̀, a ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ìbọn ṣe sí wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é tí ó dákẹ́, ọmọ tí ó bá ṣe eré náà yóò máa bi baba rẹ̀ pé, "Kí ló dé nígbà náà tí Òwu fi fọ́?" Yóò sì ka àwọn tí ó fi idà kojú ìbọn sí ojo.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Àwa tí a wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Ìkirè ń kọ́ bí a ti í gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Oríkì a máa yin ènìyàn, a sì máa dárúkọ àbùkù rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ àbùkù kúrò nítorí pé ìdílé tirẹ̀ ni, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe kì í, òǹkà ni òun náà pa rẹ́. Bí ó bá fẹ́ kọ oríkì tuntun, kò sí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́; kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ẹni tí ó bá yí nǹkan padà jẹ́wọ́ pé òun yí i, kí ó fi ibi tí ó ti yí i hàn, kí ó sì san owó ohun tí ó fi kún un. Lẹ́yìn èyí, kí eré máa lọ.