Ta Ló Máa Sọ Pé Ó Ti Mọ́ Tó?

Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà nílẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀ nípa òkúta inú ẹ̀. Nílé wa l'Ábẹ́òkúta, orí àtẹ ni màmá wa ti máa ń ṣà á. Tí ẹyọ kan bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, eyín ẹnì kan ló máa jìyà ẹ̀, ó parí.

Àwọn onímọ̀ tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà ń ṣa òkúta, àmọ́ òkúta tiwọn máa ń bí sí i. Láti 2007, lẹ́yìn iṣẹ́ Shinya Yamanaka ní Japan, èèyàn lè mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara àgbàlagbà, kó sọ ọ́ di stem cell tó lè di ẹ̀yà ara mìíràn, kó wá máa tọ́ ọ sọ́nà títí táá fi jọ ti ẹ̀dọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn. Àwọn kan á dúró bí wọ́n ṣe wà. Tí ìyẹn bá bá wọn wọ ara aláìsàn, ó lè di kókó.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i tó wù wá jù ni ti oúnjẹ. Wọ́n á yọ glucose àti arginine kúrò nínú omi tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi galactose àti ornithine rọ́pò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lè fi ìyẹn ṣe ohun tó nílò. Ebi á pa àwọn yòókù. (Ká ní bọ́ọ̀gì inú kóòdù wa ń kú báyẹn!)

Àwa tá à ń kọ software máa ń gbé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú àṣìṣe, ká tó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó ti wọ ara èèyàn ò ní update. Nítorí ẹ̀ la ò fi dá àwọn onímọ̀ ojú ní Kobe lẹ́bi. Ní 2014, wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì báyìí sójú obìnrin kan. Ní 2015, wọ́n dá ti ẹnì kejì dúró torí ìyípadà tí wọ́n rí nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú lè dúró. Ẹ̀dọ̀ àbúrò wa kan ò dúró. Ikùn ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ká ní ẹnì kan gbé sẹ́ẹ̀lì tó kù díẹ̀ kó mọ́ tán wá bá a ni, a mọ̀ pé á ní kí wọ́n fún òun kíákíá. Ta la wá jẹ́ tá a máa ní kó dúró?

Àmọ́ àbúrò yìí kan náà mu gbogbo àgbo tí wọ́n gbé wá, kò bi ẹnikẹ́ni ohun tó wà nínú ẹ̀. Irú "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn la ò fẹ́ kí wọ́n gbára lé. Kí wọ́n ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn tó ti tọ́jú aláìsàn ẹ̀dọ̀ sì wà níjòkòó, títí kan àwa níbí. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Yorùbá fi sílẹ̀ n'Íbàdàn fún iṣẹ́ HapMap ṣáà ti di stem cell ní Chicago.