Ta Ni Yóò Yẹ Adájọ́ Wò?

Ààrẹ Làìbéríà kò lè dá adájọ́ tàbí mínísítà ètò ìdájọ́ yàn. Abala 54 nínú òfin ilẹ̀ náà ti ọdún 1986 sọ pé òun ni yóò mú orúkọ wá, àwọn sẹ́nétọ̀ 30 tó ń jókòó ní Monrovia ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan Aláàfin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè du oyè náà nínú wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìfọwọ́sí ti ń níyì: kí ọ̀rọ̀ tí à ń dá má jẹ́ ti ara ẹni tó ń dá a.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ yan adájọ́ ilé ẹjọ́ ọ̀ràn ogun, ẹjọ́ náà lè kan sẹ́nétọ̀ fúnra rẹ̀. Wo Prince Johnson. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló mú Ààrẹ Samuel Doe lọ́dún 1990, tí Doe sì kú sọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ tó wádìí ogun abẹ́lé Làìbéríà ní kí wọ́n gbé Johnson lọ sílé ẹjọ́. Síbẹ̀, sẹ́nétọ̀ ni láti 2006 títí ó fi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ààbò lọ́dún 2022. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ará Nimba ló dìbò fún un lẹ́ẹ̀mẹta, pé ilé ẹjọ́ kankan kò dá a lẹ́bi. Òótọ́ ni, n kò sì pè é ní ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá kan ọmọ baálé, tí baálé dìde fún ẹlòmíràn láti parí rẹ̀, ta ló sọ pé baálé jalè?

Ẹlòmíràn á ní kí a mú Sẹ́néètì kúrò nínú ìfọwọ́sí náà pátápátá. Ààrẹ Boakai dán ohun tó jọ ọ́ wò: àṣẹ tirẹ̀ ló fi dá ọ́fíìsì tí yóò palẹ̀ ilé ẹjọ́ ọ̀ràn ogun mọ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ó yan Jonathan Massaquoi. Àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ fárígá nípa bí wọ́n ṣe yàn án àti àwọn tó ti gbẹjọ́ wọn rò rí, ó sì ní láti fà á sẹ́yìn. Ìbéèrè tí kò wáyé nínú Sẹ́néètì ló wáyé lójú títì, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tó ṣòro jù láti dá lóhùn ni pé Johnson fúnra rẹ̀ wà lára àwọn sẹ́nétọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé àtìlẹ́yìn fún ilé ẹjọ́ náà. Bóyá ọkàn rẹ̀ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó yẹ kó bi adájọ́ ilé ẹjọ́ náà léèrè ọ̀rọ̀. Ó kú kí wọ́n tó yan adájọ́ kankan, a kò sì ní mọ̀ bóyá ì bá dìde lórí àga lọ́jọ́ náà.