Ehoro Tí Olówó Rẹ̀ Kọ̀ Sílẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́, kí a má ṣe wo bí ó ti ń ṣe sí ẹni tí ó lè san oore padà fún un. Kí a wo bí ó ti ń ṣe sí ẹ̀dá tí kò lè sanwó, tí kò lè dúpẹ́, tí kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Nínú irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn tí olówó rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ wà.

Fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ òǹkàwé mi. Láti ọdún 1982 ni yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba yàrá ní ìlú náà fún ọdún mélòó kan, wọn a sì kó ẹrù wọn lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Jẹ́ kí a sọ pé ọ̀kan nínú wọn ra ehoro funfun kan nítorí pé ó wù ú. Ó sọ ọ́ ní orúkọ, ó ń fi ọwọ́ bọ́ ọ, ó sì ń bá a ṣeré. Nígbà tí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ó kó ibùsùn rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó kó ìkòkò rẹ̀; ehoro nìkan ni kò mú lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn àgò rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ní, "Máa lọ, mo dá ọ sílẹ̀." Ní ọjọ́ kejì, bí ìwọ ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, o rí i lábẹ́ igi kòkó, ó ń gbọ̀n. Kí ni ìwọ yóò ṣe?

Kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lọ wò. Ǹjẹ́ òmìnira ni ó fún ehoro náà? Rárá o. Ehoro tí a ń sìn nínú ilé kì í ṣe ọmọ igbó wa. Ìhà Sípéènì àti Pọtogí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ti ń jẹun láti ìran dé ìran. Kò mọ ihò tí ó lè sá sí nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà ejò. Àwọ̀ funfun tí ó mú kí ó wu ènìyàn ní ọjà ni yóò fi í han ajá àti àwòdì láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀dá kan láti gbẹ́kẹ̀ lé òun, tí ó sì wá pe ìkọ̀sílẹ̀ ní òmìnira, orúkọ rere ni ó fi bo ìwà búburú. Ṣọ́ra fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹran ọ̀sìn nìkan ni a máa ń fi í kọ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ tí o rí ehoro náà kò mọ ìtàn yìí. Ó lè jẹ́ pé ó sọnù ni, tí ẹnì kan sì ń wá a kiri. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ni láti béèrè olówó rẹ̀ ní ilé gbogbo tí ó wà ní àdúgbò. Ohun tí a rí he kò tíì di tiwa.

Ẹlòmíràn yóò sọ fún ọ pé, "Ẹran ni, gbé e sínú ìkòkò." Èmi kò ní tàn ọ́ jẹ. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé ìhà etí omi ní Ogun Waterside, ọdẹ ń pa ẹran igbó, àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì ń sin ehoro fún títà àti fún jíjẹ. Èmi kò pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀, bí a kò bá fi ìyà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹran tí ó ń sá fún ọdẹ nínú igbó, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí ó sá tọ ènìyàn wá nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń rí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá mú ti àkọ́kọ́, ọgbọ́n ọdẹ ni ó lò. Ẹni tí ó bá pa ti ìkejì, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó fi ṣe tàkúté.

Ẹlòmíràn yóò tún wí pé, "Nígbà tí àwọn ọmọ ènìyàn ń sùn pẹ̀lú ebi, kí ni ti ehoro?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, má sì ṣe fi oúnjẹ àbúrò rẹ bọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n koríko ni ehoro ń jẹ, ojú tí ó sì rí ìyà ẹranko kì í fọ́ sí ìyà ènìyàn.

Nísisìyí, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àánú àti ìtọ́jú. Àánú a máa dé lójijì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ìtọ́jú. Kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Lẹ́yìn náà, kọ́ ohun tí ehoro nílò. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun dídàgbà títí ó fi kú. Nítorí náà, koríko ni kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ó lè fi máa lọ eyín náà. Ewé yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún dára fún un, ṣùgbọ́n má ṣe já ewé ní oko tí a fín oògùn sí, nítorí ehoro kò lè bì. Gbé àgò rẹ̀ sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí ooru lè pa á. Má ṣe fa etí rẹ̀ gbé e sókè. Fi ọwọ́ kan gbá àyà rẹ̀ mú, kí o sì fi èkejì gbé ìdí rẹ̀. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, ewu ti dé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Abala 495 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá wò ní òru bóyá omi wà nínú àwo ehoro rẹ. Ẹ̀rí ọkàn rẹ nìkan ni yóò bi ọ́ léèrè.

Rántí pẹ̀lú pé ehoro lè lo ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Kí ó tó kú, ìwọ náà lè ti yege, kí o sì máa di ẹrù rẹ láti lọ sí ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ náà, ìwọ yóò dúró gan-an ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń bá wí dúró sí. Nítorí náà, bí o bá mọ̀ pé agbára rẹ kò ní gbé e, wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbà á, tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kí ìwọ náà tó ṣí ilẹ̀kùn àgò kí o sì yí ẹ̀yìn padà, kọ́kọ́ ronú bí yóò ti rí bí ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ.