Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó San Owó Iṣẹ́ Báńkì?

Ọ̀rọ̀ owó kékeré ni a gbé wá síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn kì í wo kíkéré owó kí ó tó bi ènìyàn léèrè. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó fi káàdì sanwó, tí àwọn tí ó bá wọn gbé owó náà kọjá sì yọ owó iṣẹ́ tiwọn, ta ni ó yẹ kí owó iṣẹ́ náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde? Ṣé ẹni tí ń tà ni, tàbí ẹni tí ń rà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ní Màkún níbí, àti káàkiri Ṣágámù, obìnrin tí ń rán aṣọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta bàtà, àti ìyá tí ń ta èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi àwòrán ọjà wọn hàn lórí WhatsApp àti Facebook. Oníbàárà tí ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Èkó a sì máa sanwó kí ó tó fi ojú kan ohun tí ó rà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wọ́n ti ná aṣọ kan títí, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦20,000. Nígbà tí oníbàárà dé ibi tí yóò ti sanwó, ó rí i pé ₦20,406 ni a kọ síbẹ̀. Níbo ni ₦406 yìí ti wá?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ń jẹ́ Paystack tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, a máa yọ náírà kan àti 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. A sì máa fi ₦100 lé e bí ọjà náà bá tó ₦2,500, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kì í ju ₦2,000 lọ lórí ọjà kan. Lórí ₦20,000, owó iṣẹ́ náà jẹ́ ₦400. Bí ọlọ́jà bá gbà á mọ́ra, ₦19,600 ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ kí ₦20,000 rẹ̀ pé, ₦406 ni yóò béèrè lé e, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà yóò yọ tirẹ̀ lára àlékún náà pẹ̀lú. Ní ti ẹ̀rọ POS tí a gbé kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, dín ohun tí a ń yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà kù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, láti 75 kọ́bọ̀ sí 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100, wọ́n sì fi òpin rẹ̀ sí ₦1,000.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da èyí pọ̀ mọ́ ti ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ń fi POS fún wa ní owó lọ́wọ́. Ẹni yẹn kò ta iṣu, bẹ́ẹ̀ ni kò ta aṣọ. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an ni pé ó ń bá wa gba owó jáde, ohun tí ó sì ń gbà ni owó òógùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ́ ti ẹni tí ó ní ọjà mìíràn í tà, tí owó iṣẹ́ báńkì sì bá a níbẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé owó kò fi ìgbà kan rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, ẹyọ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, orí ènìyàn ni a sì fi ń rù ú. Ẹni tí ó bá ní owó ńlá í san ní ọjà òkèèrè kò lè ṣe aláìwá alárù. Bodè sì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú. Owó bodè Ìjẹ̀bú ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ń fẹ́ kí ọ̀nà là ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, £500 lọ́dún ni wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ fún Awùjalẹ̀ dípò owó bodè tí yóò pàdánù. Àdéhùn náà kò dúró, ogun Ìmàgbọn sì ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ ni èyí: oníṣòwò tí ó bá mọ̀ pé bodè wà níwájú òun ní láti ka owó bodè mọ́ ohun tí ọjà ná an kí ó tó pe iye rẹ̀.

Ẹ wo obì gbànja ti Rẹ́mọ pẹ̀lú, tí a ń ti Sábó kó lọ sí ilẹ̀ Hausa. Alágbàtà wà láàárín ẹni tí ó ni obì àti ẹni tí ń rà á, owó alágbàtà náà ni àwọn Hausa ń pè ní la'ada. Owó yìí kì í dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé tọ̀tún-tòsì ti mọ̀ ọ́n kí a tó tú àpò obì. Kì í ṣe pé owó iṣẹ́ wà ni ó ń ba ọjà jẹ́, bí kò ṣe pé kí ó yọjú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu ọlọ́jà. Bí èrè rẹ̀ lórí aṣọ ₦20,000 yẹn bá jẹ́ ₦2,000, ₦400 tí ó lọ yẹn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún èrè rẹ̀. Òun kọ́ ni ó dá báńkì sílẹ̀, òun kọ́ sì ni ó ní kí oníbàárà má ṣe mú owó wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà, kò sì yẹ kí a fi ojú olè wò ó.

Ẹnu oníbàárà náà kò dákẹ́. Ó ń wí pé, "A ti jọ fẹnu kò. Kí ló dé tí o fi tún ń béèrè òmíràn?" Àwọn kan a sì dá sí i pé kí ọlọ́jà fi owó iṣẹ́ náà kún iye ọjà fún gbogbo ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán bẹ́ẹ̀. Ẹ ro ti ìyá àgbà tí ó mú owó wá sí Ọjà Awólọ́wọ̀ ní ìdí ìró rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti san ₦100 fún ẹni tí ó bá a fi POS gba ₦5,000 jáde. Bí a bá tún bu owó iṣẹ́ káàdì àwọn ẹlòmíràn sórí iye tí òun yóò san, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sanwó nítorí ohun tí kò lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ Ìdàpọ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni òfin ti sọ pé kí ọlọ́jà má ṣe gba àlékún lọ́wọ́ ẹni tí ó fi káàdì ara rẹ̀ sanwó. Owó iṣẹ́ náà kò torí èyí pòórá. Inú iye ọjà ni ó wọ̀ lọ, gbogbo ènìyàn sì jọ ń rù ú.

Ìmọ̀ràn tí ó ràn wá lọ́wọ́ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Tọ́másì Mímọ́ ará Àkúínò, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, gbé ọ̀rọ̀ rírà àti títà yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae. Ó kọ́ni pé bí ẹni tí ń tà bá pàdánù nítorí pé ohun náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ kí ó ka àdánù yẹn mọ́ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àìní ẹni tí ń rà nìkan ni ó pọ̀, tí ọlọ́jà kò sì pàdánù ohun kan, kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ gbé owó lé ọjà, nítorí pé àìní ọmọnìkejì rẹ̀ kì í ṣe ohun ìní tirẹ̀ tí yóò tà.

Àwa ará ilẹ̀ yìí ti rí apá méjèèjì ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ojú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí a ń pààrọ̀ owó náírà àtijọ́, tí owó sì wọ́n bí ojú, àwọn kan gba ₦2,000 kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ₦10,000 tirẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn nínú wọn fi owó gọbọi ra owó náà. Ìyẹn jẹ́ àdánù tí a lè kà mọ́ iye. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, tí ó sì gba ₦2,000 nítorí pé ó rí i pé ọmọ ẹnì kejì rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, àìní ni ó tà. Ìyàtọ̀ yìí ni kí a mú wá sórí owó iṣẹ́ báńkì. Ohun tí a yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà ní tòótọ́ jẹ́ ìnáwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná. Ó lè kà á mọ́ iye ọjà rẹ̀. Àkókò tí ó yẹ láti kà á mọ́ ọn ni kí ó tó pe iye náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò. Iye tí a bá fẹnu kò sí jẹ́ àdéhùn; ẹni tí ó bá fi kún un lẹ́yìn náà, ó ti yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù tí ó ní POS, òfin náà ti sọ̀rọ̀. Ìlànà tí CBN gbé jáde ní ọdún 2011 sọ pé ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gba àlékún lọ́wọ́ ẹni tí ó fi káàdì sanwó, kò sì gbọdọ̀ ta ọjà fún un ní iye mìíràn. Bí ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì rí i pé òun kò lè ṣe aláìya owó iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, ohun mẹ́ta ni ẹ̀rí-ọkàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sọ ọ́ kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ iye tí a yọ gan-an, láìfi kọ́bọ̀ kan lé e. Kí ó sì fi ọ̀nà mìíràn tí kò ní owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ han oníbàárà, bí irú kí ó fi owó ránṣẹ́ tààrà sí báńkì òun, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun kejì yẹn ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú. Ẹ wo ₦50 ti ìjọba. Òfin Ìnáwó ti ọdún 2020 ni ó fi í lélẹ̀ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ tí ó tó ₦10,000, ẹni tí ó gba owó náà ni a sì ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí OPay àti Moniepoint náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọlọ́jà púpọ̀ kọ́ láti máa wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ₦50 kún un." Ó ní ìdí nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin owó-orí tuntun ti gbé ₦50 náà kúrò lọ́rùn ẹni tí ń gbà, ó sì gbé e lé ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́. Nítorí náà, ọlọ́jà tí ó ṣì ń béèrè ₦50 yẹn ń gba owó nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò yọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, oníbàárà rẹ̀ sì ń san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá mọ̀ tí ó sì dákẹ́, kí ni a ó pè é?

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àwọn kan wà tí wọn yóò fẹnu kò sí ₦5,000, tí wọn yóò sì fi ₦4,990 ránṣẹ́, wọn a ní báńkì yọ ₦10. Báńkì yín ni ó yọ ọ́ lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ tí ó ṣe fún yín. Ẹni tí ó gun ọ̀kadà dé ọjà kì í yọ owó ọ̀kadà nínú owó iṣu. Bí ó bá burú pé kí ọlọ́jà fi kún iye tí a fẹnu kò sí, kò lè dára pé kí oníbàárà bù ú kù.

Àṣà kan wà nínú ọjà wa tí ó ju òfin lọ, èyí ni ẹ̀nì. Lẹ́yìn tí a bá ti fẹnu kò, tí a sì ti wọn gààrí tán, ọlọ́jà a tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i fún ẹni tí ń rà, láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn, ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ pé ó yẹ kí ó tẹ̀lé e ni ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹni tí ń tà. Ní ojú ibẹ̀ gan-an ni a wá fi owó iṣẹ́ sí lónìí. Ọlọ́jà tí ó ti pe iye rẹ̀ ní pípé láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí yóò béèrè níbẹ̀. Àyè á sì wà fún un láti rántí ìyá àgbà tí ó mú owó wá lọ́wọ́ tí kò ná an ní owó iṣẹ́ kankan, kí ọwọ́ rẹ̀ sì là sí i nígbà tí ó bá ń bu ẹ̀nì.

Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjà í tà, ẹ tún iye tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán ọjà yín wò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ ka gbogbo ìnáwó yín mọ́ ọn, ẹ yọ èyí tí a kò gbà lọ́wọ́ yín mọ́ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí iye tí oníbàárà kọ́kọ́ rí jẹ́ iye tí yóò san.